Wáyà Ò Já, Íńtánẹ́ẹ̀tì Ò Wá

Àwa mẹ́ta tí a ń kọ́ físíìsì la jọ ṣe IT lọ́dọ̀ àwọn tó ń so fáíbà ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. "Wáyà ti já" ni oníbàárà sábà máa ń sọ fún wa. Lóòótọ́, ní Àpápá tí tírélà àtàwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí títì sinmi, wáyà máa ń já. Ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilé ti fara ti ilé, wáyà tí wọ́n tẹ̀ jù la máa ń bá pàdé.

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Boundary pè wá lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ tó fẹ́ sanwó ilé ìwé ti tò síta, pọ́tàlì sì máa tì lálẹ́ ọjọ́ náà. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára módẹ́ẹ̀mù. A tọ wáyà láti orí òpó dé inú ilé, kò já níbì kankan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀gá wa ti rí i: wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìṣó. Bí a ṣe tú u, agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fi désíbẹ́ẹ̀lì 10 ròkè. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdá mẹ́sàn-án ń jò dànù sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jò láìsí ihò? Gíláàsì méjì ló wà nínú fáíbà yìí: ti àárín, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírómítà 9, àti èyí tó yí i ká, tí àpapọ̀ wọn fi jẹ́ 125. Àárín ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń yọ sínú gíláàsì ìta, tí wọ́n á jọ máa lọ. Tí fáíbà bá ya kọ́nà, apá tó wà lóde gbọ́dọ̀ yára ju ti inú lọ, bí ọmọ tó wà létí ìlà nígbà máàṣì October 1. Ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n eré tí kò lè kọjá. Èyí tí kò lè bá ẹgbẹ́ lọ á yapa jáde.

Ọ̀gá wa ní ọgbọ́n tó fi ń dá a mọ̀. Ó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ 1310 nánómítà wọn wáyà, kó tún fi 1550 wọ̀n ọ́n. Tí àdánù 1550 bá fi púpọ̀ ju ti 1310 lọ, ó di pé kí a wá ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìjò yìí náà ní ìwúlò: irinṣẹ́ kan wà tó ń rọra tẹ fáíbà, tó sì ń gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde, kí a lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ń lò ó, láìgé e.

Àwọn kan á ní kí ará Ajégúnlẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wáyà. Ṣùgbọ́n nínú face-me-I-face-you, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì àti ilẹ̀kùn ti ń du àyè, ibo ni wáyà fẹ́ gbà? Mìlímítà 30 ni rédíọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń dán fáíbà G.652 àtijọ́ wò. G.657.A1 lè gba 10, A2 sì lè gba 7.5. Ẹni tó bá fẹ́ so íńtánẹ́ẹ̀tì fún irú ilé wa, kó mú fáíbà tó lè ya kọ́nà ilé wa wá.