"Sórì" àti Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. "Sórì" ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọdé ń sọ ọ́, àgbà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ni ó ń jẹ́ nígbà gbogbo.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi sá gbodo sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọn yóò fi ṣe èlùbọ́ tà. Wọ́n ní kí n kó o wọlé bí ojú ọ̀run bá ṣú. Mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kí n tó padà dé, òjò ti pa gbodo, ó ti rin gbingbin. Mo ní, "Sórì, mà." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé mo kọsẹ̀ ni, tí o fi ń kí mi pẹ̀lẹ́?"

Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "sārig" ni wọ́n ń pè é, láti ara "sār", èyí tí í ṣe ìrora. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni ó ń tọ́ka sí. Nígbà tí ó yá ni wọ́n ń fi bẹ̀bẹ̀. Àwa Yorùbá wá fi ṣe "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí ó kọsẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ọwọ́ wa níbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá sọ ọ́, ó lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni ó fa ọ̀ràn. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Àwọn aáfà kọ́ wa pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, kí á dá ẹ̀tọ́ náà padà tàbí kí á bẹ ẹni náà kí ó yọ̀ǹda. Ìyá àgbà ti dolóògbé kí n tó bẹ̀ wọ́n. Àdúà nìkan ni mo lè ṣe fún wọn báyìí.

Láìpẹ́ yìí, mo fẹ̀sùn kan ọmọ mi pé ó mú owó mi. Inú ìwé tí mo ń kà ni mo ti rí owó náà. "Sórì" ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo pè é jókòó, mo ní, "Mo pè ọ́ ní olè, o kò sì jalè. Èmi ni mo ṣẹ̀. Dákun, dárí jì mí." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú.

Ẹ máa kí ẹni tí ó kọsẹ̀ ní "sórì". Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.