Ẹ Gbé E Rù Mí

Ìyá tó bí ìyá mi kì í ru ẹrù wọlé. Bí ó bá ti ọjà dé, ìta gbangba ni yóò dúró sí, yóò ké sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ìbáà ṣe ọmọ ilé, ìbáà ṣe ẹni tó ń kọjá lọ: “Ẹ sọ̀ mí o.” Ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò mọ̀ pé ojú ọ̀nà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí mọ́tò tó pọ̀, ẹsẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ná Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, nǹkan bíi kìlómítà 50. Wọn á ru láfún lọ, wọn á ru igbá fínfín bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó dé Òṣogbo ní 1907, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló gbà lọ sókè. Kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Orí àti ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ tiwa.

Apẹ̀rẹ̀ láfún tó kún kì í ṣe ohun tí obìnrin kan lè dá gbé dé orí ara rẹ̀. Bí ó bá dá sọ̀ ọ́ nínú igbó, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ẹlòmíràn yóò fi kọjá. Nítorí náà, bí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bí òṣùká yẹ̀ lábẹ́ ẹrù, bí ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, yóò máa rìn títí yóò fi pàdé ènìyàn. Ẹni náà kò ní béèrè ìdílé rẹ̀. Á sọ̀ ọ́, á jẹ́ kó sinmi, á tún gbé e rù ú, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ní ọwọ́ tó gbé ẹrù ru òun lọ́nà Ọ̀yọ́ kò lóǹkà, àmọ́ orúkọ tí òun mọ̀ nínú wọn kò pé mẹ́wàá.

Inú ọ̀rọ̀ “sọ̀” yìí ni “ibùsọ̀” ti wá, ibi tí a ti ń sọ ẹrù. Lónìí, ìwọ̀n ọ̀nà la fi ń pè, tàbí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí; a ti gbàgbé ẹrù inú rẹ̀. Nígbà náà, àmù omi máa ń wà lábẹ́ igi ibùsọ̀, ahá lórí ọmọrí rẹ̀. Obìnrin abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ ló ń pọn ọ́n kún láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Díẹ̀ síwájú, ẹ̀kọ tàbí ọsàn wà nílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òkúta méjì, kọ́bọ̀ méjì. Ọlọ́jà ti lọ oko. Ẹ mú, ẹ fi owó síbẹ̀, ẹ máa lọ.

Lọ́dún kan, ibà dá ìyá àgbà dúbúlẹ̀ ní abúlé kan létí Odò Ọbà. Obìnrin tí kò mọ̀ rí gbà á sílé, ó se àgbo fún un, ó tẹ́ ẹní tirẹ̀ fún un. Ọmọ obìnrin náà ru láfún dé Akẹ̀sán, ó tà á, ó sì kó owó rẹ̀ bọ̀ ní pípé, ó dì í sí etí aṣọ. Títí ìyá àgbà fi darúgbó, ibi etí aṣọ yẹn ni ohùn rẹ̀ ti máa ń yí padà. Á mú etí ìró tirẹ̀, á dì í, á tú u.

Àwọn ọkùnrin wa rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ òfì lórí, wọ́n gba Dàhòmì àti Tógò kọjá dé òkè Gold Coast, àwọn kan tẹ̀dó sí Tamale. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana ní ìparí 1969, ọ̀pọ̀ padà wálé. Mo ti jókòó ti díẹ̀ nínú wọn: bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí wọ́n pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rántí onílé tó kọ́kọ́ gba bàbá wọn sílé.

N kò sọ pé ọ̀nà ìgbà yẹn kò léwu. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tó di Crowther, lẹ́rú ní Òṣoògùn, ní ìpínlẹ̀ wa yìí náà. Ẹ̀rù wà. Àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń rí ojú ẹnìkejì láti òkèèrè, wọ́n á ti kíra kí wọ́n tó kan ara wọn. Mọ́tò kò fún wa láyè yẹn. Lónìí, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn ti di ìròyìn, bíi Suleiman Hashimu tó rìn láti Èkó dé Àbújá ní 2015. Àwa yòókù ti gíláàsì, à ń gbàdúrà kí ajínigbé má yọ. Mọ́tò tí mo wọ̀ bàjẹ́ lọ́nà Ọ̀yọ́ yẹn rí, ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ń kọjá, iná wọn ń tàn sí wa lójú, kò sí èyí tó dúró. N kò lè bínú sí wọn. Èmi náà ti kọjá lára àwọn tó nawọ́ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tó ru ẹrù. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, mo dé Ọjà Igbó. Bárò àti alábàárù ló ń kó ẹrù níbẹ̀ báyìí, ẹ ó ti dúnàá-dúrà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọjà ti ń tú nígbà tí ìyá kan pè mí: “Ọmọ mi, gbé e rù mí.” Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi agbára gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè, mo fẹ́ gbé e lé e lórí. Ó ní, “Rárá, má dá a gbé. Dúró, kí n wá bá a.” Ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó tẹ orúnkún ba, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, a jọ gbé e dé àyà, ó sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe mí jáde.

“Ó tó. O ṣé, ọkọ mi.”

Kí n tó rántí béèrè ilé rẹ̀, ó ti wọ àárín èrò lọ, apẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.