Ṣé Ó Ṣì Ń Jẹ Àpọ̀jẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìwé fonọ́lọ́jì tí ẹ máa ń bá níwájú mi ní yàrá ìkàwé, ìwé kẹ́mísírì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ dókítà ẹran ló wù mí láti kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe JAMB, máàkì mi kò tó, D7 ni mo sì gbà nínú físíìsì. Kí n má baà jókòó sílé, mo fi èdè Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù ọdún kejì, ẹ̀ka wa sì gbà mí. Mo ti pé ọdún 22 báyìí, ó ku díẹ̀ kí n gboyè, ìfẹ́ náà kò kú.

Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn ẹran ní yunifásítì nílẹ̀ yìí. Oyè tèmi kò lè dín in kù. JAMB ni màá tún ṣe: ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú bàọ́lọ́jì, 40 nínú kẹ́mísírì, 40 nínú físíìsì. D7 yẹn sì ń dá mi padà sí WAEC. Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ta ni kó dúró de ẹnì kejì nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Kí n lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ ojú lásán ni, mo ń lọ ṣèrànwọ́ nílé ìwòsàn ẹran kan ní ọjọọjọ́ Sátidé. Mò ń gbálẹ̀, mò ń bá wọn di ẹran mú. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé ewúrẹ́ wá, ikùn rẹ̀ wú bí ìlù. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta ní Gẹ̀ẹ́sì, Màmá kàn ń wò ó. Mo bá dá sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé ó ṣì ń jẹ àpọ̀jẹ?"

"Àpọ̀jẹ kẹ̀? Kò jẹ ẹ́ mọ́ láti àná tó ti lọ jẹ èèpo ẹ̀gẹ́!"

Ohun tí dókítà ń wá nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, ikùn ewúrẹ́ ti ń rọlẹ̀.

Inú iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí orúkọ àìsàn ẹran ni mo ti bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé, láàárín lúkúlúkú adìyẹ àti dìgbòlugi ajá. Láti ọjọ́ náà, n kò pe ọdún mẹ́rin yìí ní òfò mọ́.

Owó tí ẹ ń san fún mi láti bá yín fi àmì ohùn sórí iṣẹ́ yín, òun ni mo fi san owó WAEC. Ẹ ṣé o. Ìbéèrè màmá mi ni n kò tíì rí èsì fún.