Áísìkirímù Tí Kò Ní Mílíìkì

  Láti ìgbà tí mo ti gbé áísìkirímù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí ìpàdé wa ní ìparí sáà tó kọjá, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í bi mí bí mo ṣe ṣe é. Àwọn kan kò tilẹ̀ gbà pé kò sí mílíìkì nínú rẹ̀. Mo ti ṣàlàyé títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì sọ ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ju adùn ẹnu lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àbúrò mi ọkùnrin.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọ wọn. Màmá Ìsàlẹ̀ la máa ń pè wọ́n. Tìmọ́tìmọ́ ni àwọn àti màmá mi. Ọbẹ̀ kì í jinná lókè kí abọ́ má sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í jinná nísàlẹ̀ kí abọ́ má gòkè. Áísìkirímù pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ yòókù lá kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi lá mẹ́ta. Kò ju wákàtí kan lọ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ikùn rẹ̀ wú, ó ń ké, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí. Bàbá mi ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mílíìkì inú áísìkirímù ni. Màmá àgbà ní, "Mílíìkì wo? Ọmọ tó ń fi mílíìkì mu ògì láràárọ̀, tí nǹkan kan kì í ṣe é? Wọ́n ti fún ọmọ yìí ní nǹkan jẹ." Bàbá mi ní àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Màmá àgbà ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mú nìkan ni wọ́n máa ń fi í sí tirẹ̀.

Kò sí ẹni tó rí èsì fún wọn. Lójú gbogbo wa, ọ̀rọ̀ ògì yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Màmá mi kò bá Màmá Ìsàlẹ̀ jà. Abọ́ kàn dẹ́kun rírìn ni. Ìkíni di "ẹ kú àárọ̀" lásán, olúkúlùkù sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn kò sọ fún àwa ọmọ pé kí a má lọ sísàlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti ibẹ̀ dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Kí lẹ jẹ?" Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àbúrò mi, bí wọ́n bá ń pín áísìkirímù níbi àríyá, á ní òun kò fẹ́, ojú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé kọ́ọ̀pù àwọn ẹlòmíràn.

Nínú kíláàsì, ní ọdún kìíní mi ní yunifásítì, ni mo ti gbọ́ orúkọ ohun tó ṣe é. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní lactose. Kí ara tó lè lò ó, ìfun kékeré gbọ́dọ̀ fi èròjà kan tó ń jẹ́ lactase gé e sí méjì. Ọmọ ọwọ́ ní lactase dáadáa, torí ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé á bẹ̀rẹ̀ sí í dín lactase kù díẹ̀díẹ̀. Lactose tí ìfun kékeré kò bá rí gé á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá. Níbẹ̀, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì sọ ọ́ di gáàsì. Ibẹ̀ ni ikùn wíwú, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá, láàárín bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 2 lẹ́yìn tí ènìyàn bá jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ògì náà sì yé mi. Mílíìkì ṣíbí kan tàbí méjì kò ní lactose tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ikùn lè gbé e mì. Kọ́ọ̀pù áísìkirímù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹrù ti ju agbára alárù lọ.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fela, tó jẹ́ oníṣègùn ọmọdé ní Èkó, àti Norman Kretchmer láti Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Wọ́n yẹ àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà wò láti mọ àwọn tí ara wọn ń gba lactose. Àgbàlagbà Yorùbá tí ara rẹ̀ gbà á kò wọ́pọ̀ rárá. Ti àwọn Igbo náà kò yàtọ̀. Àwọn Fúlàní darandaran, tí wọ́n ti ń mu mílíìkì màlúù láti ìran dé ìran, ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á. Ransome-Kuti yìí kan náà ló wá di Mínísítà Ìlera láti 1985 sí 1992, tí ìjọba sì polongo omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru nígbà tirẹ̀.

Nítorí náà, ikùn àbúrò mi kò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan sí i. Ikùn bíi ti ọ̀pọ̀ jù nínú wa ló ní. Ẹ tilẹ̀ wo wàrà tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Oje ewé bomubómu ni wọ́n fi mú un dì, omi rẹ̀ sì ti ro dànù kó tó dé ọwọ́ wa. Omi yẹn ló gbé púpọ̀ nínú lactose lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí mílíìkì ń dà láàmú fi lè jẹ wàrà kó sì sùn dáadáa.

Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ó dáa. Mo mọ̀ pé "ó dáa" yẹn kò tíì dé ibì kan. Ohun tí wọ́n fojú rí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lágbára ju ohun tí wọ́n gbọ́ lórí fóònù lọ. Mo pinnu pé tí mo bá délé fún ìsinmi Àjíǹde, n ó ṣe áísìkirímù tí àbúrò mi lè lá ní àlátẹ́rùn, kí gbogbo ilé sì fojú ara wọn rí i.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Fún bí ènìyàn mẹ́fà, ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 6 tó ti pọ́n débi pé àmì dúdú ti ń yọ lára èèpo rẹ̀, mángòrò ńlá 2, àgbọn 1, ọsàn wẹ́wẹ́ 1, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè bù. Mi ò kì í fi ṣúgà sí i.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òpó ilé náà. Bó ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Iṣẹ́ ṣúgà sì ju dídùn lọ: omi tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ kì í dì gbagidi bí omi lásán, ìyẹn ni áísìkirímù fi ń gba ṣíbí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ní pectin, èròjà tó ń mú kí jáàmù ki. Bí ẹ bá fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìkan ṣe é, omi rẹ̀ pọ̀ jù, áísì ni ẹ máa fi eyín fọ́.

Àgbọn ló ń gba ipò ọ̀rá mílíìkì. Ẹ rin ín, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ lé e, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ fún un. Oje funfun tó ki ni ẹ fẹ́, kì í ṣe omi inú àgbọn. Ẹ̀yin ará Èkó mọ oje yìí. Òun náà ni wọ́n fi ń se fùréjọ̀n, oúnjẹ Gúúdù Fúráìdè tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Bùràsíìlì.

Ẹni tó bá ní fírísà, kó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti mángòrò wẹ́wẹ́, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má baà dúdú, kó tò ó sórí tírè láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, kó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, kó gbé e síta fún bí ìṣẹ́jú 10, kó da á sí bílẹ́ńdà pẹ̀lú iyọ̀ àti oje àgbọn bíi ṣíbí 5. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dúró, ẹ rò ó, ẹ tún lọ̀ ọ́. Ẹ má fi agbára mú bílẹ́ńdà kékeré, á jóná. Á kọ́kọ́ rí bíi gàrí tí omi kò kárí. Ẹ má bẹ̀rù. Tó bá yá, á ṣọ̀kan, á máa dán.

Ṣùgbọ́n ta ló ní fírísà ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì? Ta ló sì ní iná mọ́jú? Ọgbọ́n tèmi ni áísì bùlọ́ọ̀kù àti iyọ̀. Ẹ lọ gbogbo èso àti oje àgbọn pọ̀ kó kúnná, kí ẹ dà á sínú abọ́ irin tó ní ìdérí; rọ́bà kì í jẹ́ kí òtútù tètè wọlé. Ẹ fọ́ áísì wẹ́wẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ po iyọ̀ mọ́ ọn: áísì ìwọ̀n 3 sí iyọ̀ ìwọ̀n 1. Ẹ ri abọ́ náà sáàárín rẹ̀, kí áísì má ga dé ìdérí, torí iyọ̀ tó bá wọlé ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Iyọ̀ ń mú kí áísì yọ́, bó sì ṣe ń yọ́ ló ń fa ooru kúrò lára abọ́. Omi iyọ̀ náà lè tutù ju áísì lásán lọ, débi -21°C ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ẹ má ti ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́ pẹ́, ó lè bó ènìyàn lára bí iná. Ẹ sì má jẹ́ kí áísì tí ẹ rà kan oúnjẹ, ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ máa yí abọ́ náà. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ nu ìdérí, ẹ ṣí i, ẹ fi ṣíbí ha ara abọ́, ẹ rò ó pọ̀. Bí ẹ kò bá rò ó, áísì inú rẹ̀ á tóbi, á máa ró lẹ́nu bí iyanrìn. Bí ìṣẹ́jú 40, ó ti di áísìkirímù. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: ní 1843, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nancy Johnson, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ áísìkirímù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí áísì àti iyọ̀ yí i ká.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni mo lò nílé ní ìsinmi yẹn, torí kò sí iná. Àbúrò mi, tó ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bá mi yí i. Nígbà tó jinná, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Ó lá abọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń retí. Màmá mi ń wo aago, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Wákàtí kan kọjá, ó di méjì. Ó dìde, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Màmá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n bu èyí tó kù sínú abọ́ onídèérí, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ìsàlẹ̀ dá abọ́ náà padà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná sì kún inú rẹ̀. Màmá àgbà, tí wọ́n wá ṣọdún, kò sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ní kí n má bu tàwọn kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo inú rírun ni lactose o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà bá tẹ̀ lé e, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ara rẹ̀ ń wú tàbí tí mímí ń ṣòro fún nítorí mílíìkì, tirẹ̀ yàtọ̀, ó lè pa á. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn áísìkirímù tàbí mílíìkì tó pọ̀ nìkan ni ikùn yín ń wú, kí ẹ tó fura sí ẹni tó gbé e fún yín, ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wò ó.

Mángòrò kì í pẹ́ lọ lọ́jà, torí náà mo ti fi agbálùmọ̀ dípò rẹ̀ rí: ẹran inú rẹ̀ nìkan, kí ẹ sẹ́ ẹ, torí èèpo rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè. Kíkan rẹ̀ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu gan-an. Ìbẹ́pẹ ni kò tíì gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá rí i ṣe tó dùn, kó jọ̀ọ́, kó wá kọ́ mi.