Èèkàn Inú Ẹnu Mi



Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo wọ bírésì. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé síkúrù kékeré méjì wà nínú egungun òkè ẹnu mi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ ní dọ́mítìrì, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pa iná.

Eyín iwájú mi ló yọ síta. Dókítà yọ eyín kan lápá kọ̀ọ̀kan kí àyè lè wà láti fa ti iwájú wọlé. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa so ó mọ́? Bí wọ́n bá so ó mọ́ eyín ẹ̀yìn, òun náà á máa bọ̀ níwájú. Òfin kẹta Newton tí a kọ́ ní físíìsì nìyẹn: bí o bá fa nǹkan, òun náà á fà ẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lọ́ síkúrù titanium wọnú egungun, láàárín gbòǹgbò eyín méjì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, kò sì nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ rántí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn: bí ilẹ̀ bá le, èèkàn á dúró, bí ilẹ̀ bá rọ̀, ewúrẹ́ á fà á tu.

Dókítà ní síkúrù yìí kàn há mọ́ egungun ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti yọ tí iṣẹ́ bá parí. Ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó lè mì. Wọ́n ní kí n máa fọ ìdí ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, torí bí erìgì bá wú, síkúrù lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Mo gbọ́, àmọ́ ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin náà mọ bí omi ṣe ń wọ́n wa nígbà ọyẹ́. Mò ń fi ìwọ̀nba tí mo bá rí wẹ̀, mo ń pa eyín tì. Erìgì mi wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ahọ́n kan síkúrù òsì, ó mì.

Owó tí bàbá mi san kì í ṣe kékeré. Mo rò ó pé màá sọ pé dókítà ò lọ́ ọ dáadáa. Mo gba fóònù métírọ̀nù, irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ni bàbá mi bá bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún bọ́ lójú mi. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "A ó wá owó ẹ̀. Àmọ́ omi yẹn, eyín ni kó o kọ́kọ́ fi fọ̀."

Dókítà yọ ọ́, wọ́n lọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo èyí tó bá mì ló jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó wọ̀ ọ́. Egungun ẹlòmíì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, kò mì, àlàfo náà sì ti ń dí. Bẹ́ ẹ bá rí ife omi kan lórí lọ́kà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Omi èèkàn mi ni.