Ẹ Kú Ìjókòó

Ọmọkùnrin ilé ìsàlẹ̀ ló kí mi bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré. Mo ti pa ọkọ̀, mo ti pa iná rẹ̀, mo jókòó sínú òkùnkùn níwájú ilé ara mi ní Gbàgádà, n kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé ike omi kọjá, ó rí mi nínú gíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ re: "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Mo gbé fóònù sétí. "Hẹ́lò? Hẹ́lò, mò ń gbọ́ yín." Kò sẹ́ni tó pè mí.

Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú dé orí ibùsùn. Obìnrin ẹni ọdún 44 ń purọ́ fún ọmọdé nítorí pé ó bá a níbi tó jókòó sí! Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò bi mí léèrè ohunkóhun. Yorùbá kì í fi ìkíni du ènìyàn: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó ń ṣòde, ẹ kú ìnáwó, ẹni tó ń gbafẹ́, ẹ kú fàájì, ẹni tó kàn jókòó, òun náà ní tirẹ̀. Ọmọ yẹn fún mi láyè, èmi ni mo kọ̀ ọ́.

Ẹ lè ní ṣebí inú ọkọ̀ yẹn náà ni mo ti jókòó fún wákàtí méjì lórí afárá Third Mainland kí n tó délé. Òótọ́ ni. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí afárá náà, kìlómítà 11 ó lé díẹ̀, ẹni tó bá ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀ nírọ̀lẹ́ mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí afárá, ọwọ́ mi dí. Ìjókòó yẹn kò nílò àwáwí. Ẹ tún gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ la fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n sì ti kọ́ wa pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ lèṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè wá nǹkan fi dí tèmi.

Níbi tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni Ìyá àgbà mi yọ sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú orín lẹ́nu.

Òfì ni wọ́n ń tà ní Ọjẹ́, n'Ìbàdàn, ọjà ìtàdógún tí àwọn ahunṣọ ń kó ẹrù wá láti Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, orín ata lẹ́nu. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò tíì fọ ẹnu kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwa a máa fọ tiwa ní ìṣẹ́jú méjì. Ìyá àgbà á rún orín títí oòrùn á fi gun páànù ilé òdìkejì. Apá òsì, apá ọ̀tún. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo ọ̀ọ́kán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kúnlẹ̀ kí wọn, "ùn" la máa gbọ́, ọwọ́ wọn á sì júwe ibi tí ìgbálẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, ahunṣọ kan wá sin gbèsè. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo. Ìyá àgbà na ìka sí àga. Ó jókòó. Orín ń lọ, orín ń bọ̀. Ọkùnrin náà tún fìlà ṣe, ó wo àwọn adìẹ wa títí, ó ṣẹ́ èékánná kan. Nígbà tí wọ́n fi máa tu itọ́ ìkẹyìn, tí wọ́n fomi ṣan ẹnu, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ìyá, ṣé ara le?"

Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní ìmẹ́lẹ́. Oògùn ni orín ata. Egbò igi yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Fún Ìyá àgbà, ìkélé ni. Ọwọ́ dí, ẹnu dí, wọ́n sì wà láyè ara wọn láàárín agbo ilé tó kún fọ́fọ́, wọn kò sá pamọ́ fún ẹnì kankan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbí, kí n ní kí oníkálukú wá orín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ yẹn kò kúrò níwájú mi. Ta ló ń gbálẹ̀ gan-an? Àwa ọmọdé a kàn ń yí eruku kiri ni. Màmá mi, ìyàwó ilé, ni wọ́n ń tún un gbá. Àwọn ni wọ́n ń pọnmi, àwọn ni wọ́n ń ro ògì, àwọn ni wọ́n ń di òfì sínú igbá kí ilẹ̀ ọjà tó mọ́. N kò rántí pé mo rí orín lẹ́nu màmá mi rí. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, lórí ìdúró, tí ojú wọn wà lára ìkòkò. Láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń ròyìn bí Ìyá àgbà ṣe mọ ayé í jẹ, ara ọjọ́ màmá mi ni wọ́n ti ń gé ìjókòó yẹn, n kò sì kíyè sí i.

Ìgbà náà ni mo wá bi ara mi pé, ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú tí mò ń jókòó sínú ọkọ̀, ta ló wà lókè? Ọmọbìnrin mi ni, ẹni ọdún 14, tó ń se ìrẹsì, tó tún ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè gòkè. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ń kan án gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti wà níbẹ̀ tipẹ́, òun ò sì gbọ́ ìró omi. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo ká apá aṣọ sókè, mo lọ fọ abọ́.