Ìtàn Orí Ẹ̀rọ ní Kíláàsì Etí Òkun: Àkọsílẹ̀ Olùkọ́ Kan ní Abereke

Ìtàn orí ẹ̀rọ ni ìtàn kúkúrú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí a sì to àwòrán tì í kí ẹlòmíràn lè wò ó kí ó sì gbọ́ ọ. Ní ọdún 1994 ni Joe Lambert àti Dana Atchley wà lára àwọn tí ó dá ibùdó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, àmọ́ àwọn àgbà tí ń sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀rọ gbà wọ kíláàsì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ẹ̀kọ́ ọmọ ilé ìwé wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà a máa sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ èsì. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ni òǹkọ̀wé kà sí baba iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, nítorí pé òun ni ó fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè rẹ̀ kọ́ kì í kẹ́yìn, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní Abereke, ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ọ̀nà, tí iná ìjọba kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, pátákó àti ìwé kíkà Yorùbá tí ń jẹ́ Aláwìíyé ni òǹkọ̀wé fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí fóònù fi gbòde. African Storybook, tí àjọ Saide ní South Africa gbé jáde ní ọdún 2014, fún un ní ìwé ìtàn aláwòrán tí kò gba owó, tí a lè fà sórí fóònù ní Igbókọ̀dá kí ọkọ̀ tó gbéra. ScratchJr, tí ọmọdé fi ń mú àwòrán rìn, jáde lọ́dún kan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n tábílẹ́ẹ̀tì ni ó ń béèrè, tábílẹ́ẹ̀tì kan kò sì ṣe é pín fún odindi kíláàsì.

Àlọ́ ni iṣẹ́ náà wá fìdí múlẹ̀ lé lórí. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù a máa pe “Ààlọ́ o”, a sì tẹ̀ síwájú láìmí, bí ẹni pé kò sí olùgbọ́ kankan. Nítorí náà ni òǹkọ̀wé ṣe ń ní kí ó dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìpè náà, kí àyè lè wà fún kíláàsì láti dáhùn “Ààlọ̀” nígbà tí a bá tún un gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin inú àlọ́: lílé, ìyẹn apá tí apàlọ́ ń dá gbé, ni fóònù ń gbà, ègbè, tí àwùjọ ń gbè, kì í wọ inú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó jókòó ni wọ́n ń gbè é. Afẹ́fẹ́ òkun ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí, nítorí ó ń hó lórí ohùn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta bo ihò tí fóònù fi ń gbọ́ràn a máa dín in kù. Òǹkọ̀wé kò rí fídíò tí ọmọ ń wò láìlanu bí ìtàn sísọ rárá.

Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ ni àwọn ọmọ fi ń sọ àlọ́ náà, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán. Àwọn olùkọ́ kan kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní yóò da àkọtọ́ rú, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó sì ń wá bí yóò ṣe kọ ọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ gírámà láìmọ̀.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí fóònù pẹ́ níbí, nítorí náà ẹ̀dà méjì ni a ń ṣe fún ìtàn kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà nínú mẹ́mórì kàádì tí a wé sínú ọ̀rá, èkejì ń bá ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá.